Ojú Tó Ń Ṣọ́ Aláìsàn Ló Ń Ṣọ́ Òfin

Nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ Texas tí wọ́n ń pè ní Occupations Code, abala kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 157.058. Kò gùn rárá. Ẹni tó bá ń yára kàwé kò ní í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ní ọsibítù tàbí ibùdó iṣẹ́ abẹ tó níwèé àṣẹ, dókítà lè fa àṣẹ lé nọ́ọ̀sì akunnilóorun lọ́wọ́ láti pàṣẹ oògùn àti irinṣẹ́ tó máa fi kun aláìsàn lóorun. Ó wá fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn: kò pọn dandan kí àṣẹ dókítà dárúkọ oògùn, kó sọ ìwọ̀n rẹ̀, tàbí kó sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fún un. Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òun ni nọ́ọ̀sì fi lè dúró níbi orí aláìsàn ní aago méjì òru, kí ìfúnpá aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, kó sì mú oògùn tó yẹ lójú ẹsẹ̀, láìwá ẹni tó máa kọ̀wé fún un kiri.

Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Àwọn kan ló ń ṣọ́ ọ, wọn ò sì gba owó oṣù lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì akunnilóorun bíi tàwọn yòókù ni wọ́n. Wọ́n á jáde nílé ní ìdájí, wọ́n á ṣiṣẹ́ tíátà títí dìrọ̀lẹ́, wọ́n á délé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wá nǹkan fọ́mọ jẹ, wọ́n á wá ṣí kọ̀ǹpútà láti jókòó ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ náà ni Texas Association of Nurse Anesthetists. Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yòókù náà ní irú rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ sì wà níbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo iṣẹ́ yìí láti ẹ̀gbẹ́, torí nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín àwọn ará wa ní Houston, àwọn kan nínú wọn sì ti kọ́ iṣẹ́ ìkunnilóorun. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Ó ní ìmọ̀ tirẹ̀, ó ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe náà sì wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo tíátà ná, torí ibẹ̀ ni ojú wọn ti là. Kéèyàn tó lè di nọ́ọ̀sì akunnilóorun ní Amẹ́ríkà, ó ti gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó níwèé àṣẹ, kó sì ti ṣiṣẹ́ ó kéré tán ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù. Lẹ́yìn náà ló máa lọ kàwé bí ọdún mẹ́ta, tó fi máa gba oyè ọ̀mọ̀wé nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, òun ló máa béèrè ohun tí aláìsàn jẹ kẹ́yìn àti ìgbà tó jẹ ẹ́. Òun ló máa ní kó lanu, kó gbórí sókè, kó lè mọ̀ bóyá rọ́bà tí aláìsàn máa fi mí á rọrùn láti kì bọ ọ̀nà ọ̀fun. Òun ló máa yẹ ẹ̀rọ wò kí aláìsàn tó wọlé. Tí oorun bá sì ti gbé ẹni náà lọ, kò lè sọ ohun tó ń ṣe é mọ́. Ẹlòmíì ló máa bá a mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dún léraléra, bí afẹ́fẹ́ yẹn bá sì ṣe ń dín kù ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀. Etí tó mọṣẹ́ á gbọ́ ọ kí ojú tó kúrò lára ohun tó ń wò. Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ìyẹn, ó ń wo ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ, ó ń wo iye ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ inú ìgò, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kíkọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ọsibítù àwọn Mayo ní Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Alice Magaw. Ní 1906, ó tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ ìkunnilóorun tó lé ní 14,000 tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀, láìsí ẹyọ ikú kan tí wọ́n lè sọ pé oògùn oorun ló fà á. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yìn ín fún ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀. Èmi yìn ín fún gègé rẹ̀. Ó kà wọ́n, ó kọ wọ́n, ó sì fi wọ́n han aráyé, nígbà tí àwọn míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kàn ń lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí dé kóòtù. Ní 1917, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kentucky ló dá ẹjọ́ Margaret Hatfield, nọ́ọ̀sì tó ń kun èèyàn lóorun fún dókítà Louis Frank. Àwọn tó ta kò ó ní iṣẹ́ dókítà ló ń ṣe láìjẹ́ dókítà. Kóòtù ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1936, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California náà dá Dagmar Nelson láre nínú irú ẹjọ́ kan náà. Láàárín méjèèjì, ní 1931, Agatha Hodgins pe àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun jọ sí ọsibítù Lakeside ní Cleveland, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ gbogbo Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Kentucky ni ẹjọ́ kan ti wáyé, California sì ni èkejì. Kì í ṣe Washington. Títí dòní, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, ohun tí wọ́n sì fàyè gbà ní ìpínlẹ̀ kan lè má rí bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ fi ní iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kò lè bá a ṣe.

Ní Texas, ọdún méjì méjì ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jókòó. Ọjọ́ Túsìdeè kejì nínú oṣù Kìn-ín-ní, ní ọdún tí kò ṣe é pín sí méjì, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í lò kọjá 140 ọjọ́. Aṣòfin 31 ló wà ní Sẹ́nétì, 150 sì ni àwọn aṣojú-ṣòfin. Iye àbádòfin tó ń wọlé nínú ìjókòó kan ń kọjá 6,000. Ta ló fẹ́ ka gbogbo ìyẹn? Ẹgbẹ́ ní agbẹnusọ tí wọ́n ń sanwó fún ní Austin, olú ìlú Texas, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti mọ ẹni tó ń bá ta ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n agbẹnusọ kò kun èèyàn lóorun rí. Kò lè wo gbólóhùn kan kó mọ ohun tó máa dà ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ Àìkú ní ìlú kékeré kan tí kò ju ọsibítù kan lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ló lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan wà níbí, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Mo ti jókòó tì í nígbà tó ń ka àbádòfin, bó sì ṣe ń kà á wù mí púpọ̀. Àbádòfin Texas ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fẹ́ fi kún òfin, wọ́n á fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n á fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fi àkámọ́ sí i. Èyí tí kò ní ìlà kankan ni òfin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa kà á bọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìyá yìí kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ibi tí àbádòfin ti ń ṣàlàyé ẹni tó ń bá wí ló kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ta ni wọ́n pè ní olùtọ́jú? Ta ni wọ́n pè ní ẹni tó tóótun? Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ èèyàn kúrò láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àbádòfin kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń kun ọmọdé lóorun ní ilé ìtọ́jú eyín. Ohun tó dáa ni, kò sí òbí tí kò ní í fẹ́ ẹ. Ní ojú ìwé kìn-ín-ní, àlàyé kan wà níbẹ̀ pé ẹni tó tóótun láti kunni lóorun ni dókítà eyín tó níwèé àṣẹ rẹ̀, tàbí dókítà akunnilóorun. Ó parí. Wọn ò mẹ́nu ba nọ́ọ̀sì rárá, wọn ò sì sọ pé kó má ṣe é. Aṣòfin tó gbé e wá lè má tiẹ̀ rántí pé nọ́ọ̀sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òfin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti ń lọ sí àwọn ilé ìtọ́jú eyín láti ọdún gbọọrọ máa jí, kó rí i pé iṣẹ́ òun ti di ẹ̀ṣẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí kò sí lójú ìwé yìí ni ìyá náà ń wá, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò mọ́lẹ̀ tó.

Tó bá ti rí ìyẹn tán, á wo abala tí àbádòfin náà fẹ́ tún ṣe. Kì í gba ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́ lásán. Á ṣí ìwé òfin fúnra rẹ̀, á ka abala tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ orí 301, òfin iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Tó bá jẹ́ orí 157, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ rárá, torí inú rẹ̀ ni 157.058 wà. Á wo ọjọ́ tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án. Á wá wo àjọ tí wọ́n ní kó kọ ìlànà tó máa tẹ̀ lé òfin náà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, á kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo: ohun tó yí padà, ẹni tó kàn, ohun tí ẹgbẹ́ ń fẹ́. Mo ti rí àbádòfin tó gùn gan-an tó sọ di ìpínrọ̀ mẹ́ta, tí ohunkóhun tó ṣe pàtàkì kò sì sọnù. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ni kò lè ṣe é.

Nípa ìlànà tí àjọ máa kọ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó mọṣẹ́ gan-an. Tí gómìnà bá ti fọwọ́ sí òfin, ọ̀pọ̀ èèyàn á jó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ sùn. Ìgbà náà ni ìyá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ tí òfin bá yàn máa kọ ìlànà rẹ̀, wọ́n á gbé e jáde nínú Texas Register, ìwé ìjọba tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aráàlú á sì ní ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ láti kọ èrò wọn. Ohun tí aṣòfin fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jà lé lórí, ìlà kan nínú ìlànà lè gbà á padà láìsí ariwo. Ẹni tó bá ka Register ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo èèyàn wà ní ìsinmi, ẹni yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ìgbìmọ̀.

Ìjókòó ìgbọ́rọ̀ aráàlú náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ilé aṣòfin Austin, ilé olókùúta pupa tí wọ́n parí ní 1888, ẹni tó bá fẹ́ bá ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí àbádòfin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kó ní òun fara mọ́ ọn, kó ní òun kò fara mọ́ ọn, tàbí kó ní òun kàn fẹ́ la ìgbìmọ̀ lóye láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó sì lè forúkọ sílẹ̀ kó má sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Tí wọ́n bá pè é, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ló ní, àwọn aṣòfin tó wà níwájú rẹ̀ sì ti ń jókòó láti àárọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé fún wọn á pàdánù wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye ọdún tó fi kàwé náà á pàdánù wọn. Ohun tó ń wọlé sí wọn létí ni orúkọ ìlú wọn, ọsibítù wọn, àti ibi tí aboyún máa sáré lọ tí kò bá sí ẹni tó máa kunni lóorun níbẹ̀. Ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì akunnilóorun ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù kékeré, àwọn nìkan ló wà.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá náà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Austin, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Olórí ọsibítù kan láti ìlú kékeré ni wọ́n pè ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́ kedere, ó sọ ọ́ láìbínú, ó sì jókòó. Nígbà tó kan ìyá wa, ó ní òun fara mọ́ àbádòfin náà, òun kò sì ní ọ̀rọ̀ míì láti fi kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, tẹ̀ síwájú, ó rọra bi í pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí tẹ́ ẹ kọ?" Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti sọ ọ́ tán. Tí mo bá tún un sọ, tèmi ni wọ́n á rántí, wọ́n á gbàgbé tiẹ̀. Tiẹ̀ ló sì dáa jù." Nínú gbogbo ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò rí èyí tó wú mi lórí tó ìyẹn. Ó ti lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó dì í sápò, ó sì lọ bá àwọn ọmọ jẹun.

Ohun míì tún wà tí àwọn tó wà níta kì í rí. Àwọn tó máa ń ta ko ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì lórí ọ̀rọ̀ òfin jù lọ ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun. Ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn ni àwọn méjèèjì sì ń sọ, tinútinú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ta ko ara wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní Austin, wọ́n á sì pàdé ní tíátà kan náà lọ́jọ́ Túsìdeè, tí aláìsàn kan á wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá lè jiyàn láìbú ẹni tó ń bá jiyàn kò yẹ ní ìgbìmọ̀ yìí. Mo ti gbọ́ tí wọ́n dá ọmọ ẹgbẹ́ kan lẹ́kun nínú ìpàdé torí ó ń bú dókítà tí kò sí níbẹ̀. Alága ní ká yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ká padà sórí ohun tó wà nílẹ̀. Kò pariwo, kò sì fi ṣeré.

Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lẹ́yìn 2001. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí owó Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà: gómìnà ìpínlẹ̀ lè kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ òun kúrò nínú òfin tó ní dókítà gbọ́dọ̀ máa bójú tó nọ́ọ̀sì akunnilóorun. Àmọ́ gómìnà gbọ́dọ̀ ti bá àjọ àwọn dókítà àti àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́rìí sí i pé ó máa ṣe aráàlú láǹfààní, kò sì ta ko òfin ìpínlẹ̀. Iowa ló kọ́kọ́ kọ ọ́, nínú oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún ló ti kọ ọ́ báyìí. Lẹ́tà gómìnà kì í gùn. Ohun tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń gùn: ìwé láti àwọn ọsibítù, àlàyé agbẹjọ́rò, ìpàdé lórí ìpàdé, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó níṣẹ́ tíátà lọ́la.

Àwọn ìgbìmọ̀ míì nínú ẹgbẹ́ náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ìgbìmọ̀ tó ń kówó jọ fún ọ̀rọ̀ òṣèlú ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ láti mọ̀ lórí, torí ní Texas, aṣòfin kò gbọdọ̀ gba owó ìpolongo láti ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìjókòó títí di ogún ọjọ́ lẹ́yìn tí ó bá parí. Àwọn tó ń ṣètò ìpàdé ọdọọdún ń wá olùkọ́ tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, wọ́n ń rí i pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sọ bóyá ó gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ oògùn, wọ́n sì ń rí i pé ẹ̀kọ́ náà kà mọ́ iye wákàtí tí nọ́ọ̀sì nílò láti tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà. Akọ̀wé ń kọ ohun tí ìpàdé fẹnu kò lé lórí, kì í kọ ẹjọ́ tí wọ́n rò. Ẹni tó bá ti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó burú rí á mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ kan ṣì wà tí mi ò lè sáré kọjá. Òun ló ń ran àwọn ẹlẹgbẹ́ tí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́. Oògùn bíi fentanyl àti propofol wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì akunnilóorun lójoojúmọ́. Ó mọ ìwọ̀n wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń yára ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ yẹn kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìsàn yìí. Jan Stewart, tó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ gbogbo Amẹ́ríkà rí, kú ní 2002 nítorí rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè bò ó mọ́lẹ̀. Wọn ò bò ó. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ ọdọọdún kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìtàn náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú gbangba. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi lórí ìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ á gba ìpè ní òru. Ọ̀gá tíátà kan ló pè é: oògùn ń dín kù, ẹnì kan ń pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àkọsílẹ̀ kò bá ìgò mu. Kí ni ká ṣe? Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọṣẹ́ máa sọ ni pé, ẹ má tíì bá a sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹ̀rí jọ. Ẹ wá ibi ìtọ́jú tó ní àyè fún un lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá ẹni tó máa wà á lọ síbẹ̀, torí kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo má lọ bá a. Kí wọ́n tó méjì ó kéré tán. Láti ìṣẹ́jú tí wọ́n bá ti bá a sọ̀rọ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kódà bó ní òun fẹ́ lọ mú báàgì òun. Ìdí ni pé láàárín wákàtí yẹn ni àwọn míì ti gba ẹ̀mí ara wọn. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó le jù láti sọ lórí fóònù fún ẹni tí ìbínú ti gbà lọ́kàn, tó ní àfi kí òun lé olè jáde lójú ẹsẹ̀. Ó gba ohùn jẹ́jẹ́. Ó gba kéèyàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tún un sọ, kó má jẹ́ kí fóònù já.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tó gùn máa bẹ̀rẹ̀. Láti 1987 ni ètò kan ti wà ní Texas tó ń tọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó níṣòro bẹ́ẹ̀ padà sí iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Ẹgbẹ́ àwọn akunnilóorun fúnra wọn dámọ̀ràn pé kí ẹni náà má padà sídìí oògùn oorun títí ó fi máa pé ọdún kan, ó kéré tán, tó ti wà láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Láàárín ọdún yẹn, ẹni ìgbìmọ̀ á máa pè é. Kò ní í sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún àwọn tó jọ wà ní ìgbìmọ̀. Bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá bi í pé ta lo ń bá sọ̀rọ̀ láti àná, á ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni.

Àwa Yorùbá ò ṣàìmọ̀ nípa ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ló ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Houston, pẹ̀lú alága, akápò àti ìwé òfin tirẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń bu owó, a mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà, a mọ bí àgbà ṣe ń dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Ohun tí ìyá Ìjẹ̀bú yẹn ń lò ní Austin nìyẹn, ó sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì bá fi fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kì í dá a padà. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí, wọ́n ní ilẹ̀ onílẹ̀ nibí. Ọwọ́ wọn dí lóòótọ́. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kun àwọn ọmọ onílẹ̀ lóorun nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń jí wọn padà láàyè, ti di ilẹ̀ wọn.

Ìjókòó Texas tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2026 ni àwọn aṣòfin ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó àbádòfin wọlé, ìgbìmọ̀ sì nílò ojú tó pọ̀ ju èyí tó ní lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá fọ́ọ̀mù náà padà.